Ìbà Kì Í Ṣe Ibà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Ṣeré fún Màmá Tíátà

  Tíṣà wa ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan tí mo kọ́ lọ́dún yìí sínú ìwé ìròyìn wa. Ẹ̀kọ́ tèmi dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà kéré gan-an, lẹ́tà mẹ́ta péré ni: ìbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì tó wà lórí rẹ̀ dáadáa, torí pé àmì yẹn ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Peckham, ní London níbí, ni wọ́n bí mi sí. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ilé-ìwé ìjọba ni mò ń lọ. Mo wà ní Year 6, Gẹ̀ẹ́sì sì ni mò ń sọ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí a ó fi jáde. Nílé náà, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù. Mo máa ń gbọ́ Yorùbá tí màmá mi bá ń bá Màmá Àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tàbí tí wọ́n bá ń bínú sí mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo gbìyànjú láti fi Yorùbá kí àwọn àgbà níbi àríyá kan. Mo ṣì í sọ, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé wọn ò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan bá bá mi sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn. Màmá Tíátà ló mú kí n tún la ẹnu.

Ta ni Màmá Tíátà?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé wa lè má mọ̀ wọ́n. Ní Sátidé, tí a bá ti parí kíláàsì èdè, Màmá Tíátà ló máa ń kọ́ wa ní eré ṣíṣe, láti agogo méjìlá sí agogo kan ààbọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n bá ẹgbẹ́ tíátà kan rìn káàkiri. Wọ́n sọ fún wa pé ọkọ̀ ńlá kan ló máa ń kó wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sára ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá dé ìlú kan, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yí ìlú po, wọ́n á máa lùlù, wọ́n á máa kọrin, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé eré wà lálẹ́. Nígbà míì, gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n ti ń ṣeré, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń tan iná. Tí jẹnẹrétọ̀ bá kú láàárín eré, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nínú òkùnkùn.

Òfin mẹ́ta ni Màmá fún wa. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí:

1. Má kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó sanwó wá wò ọ́.
2. Tí o bá gbàgbé ọ̀rọ̀, máa rìn. Má dúró bí òpó.
3. Má la ẹnu lórí ìtàgé láì júbà.

Wọn kì í fi ọmọdé rẹ́rìn-ín tó bá ṣì í sọ. Wọ́n á kàn ní, "Tún un sọ, jẹ́ n gbádùn ẹ̀." Tí a bá tún un sọ, tó ṣì kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á tún ní, "Tún un sọ." Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà á dà bí ìgbà àkọ́kọ́ létí wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá nílé wọn. Mo bi bàbá mi pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tí ẹ̀jẹ̀ ò bá rí ọ̀nà gbà dé apá kan nínú ọpọlọ, apá yẹn ò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Apá òsì ọpọlọ ni ti Màmá ti ṣẹlẹ̀. Apá òsì yìí ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn. Nígbà tí Màmá kúrò ní ọsíbítù, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè gbé nǹkan. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ ò ní jáde.

Ìṣòro kejì ni àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé wọn. Òkè ni yàrá wọn wà, òkè náà ni ilé ìwẹ̀ wà. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ni Màmá wá ń sùn. Àga kan wà tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, iná mànàmáná ló ń gbé e. Èèyàn á jókòó, á tẹ bọ́tìnnì, àga náà á rọra gbé e lọ sókè. A gbọ́ pé wọ́n lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká dúró, ìdúró náà sì ń pẹ́. Owó àga náà jẹ́ 2,000 pọ́ùn.

Àwọn òbí ṣe ìpàdé lẹ́yìn kíláàsì. Ẹnì kan ní ká kàn dá owó jọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ẹni tó fi eré ṣe wá lóore, eré ló yẹ ká fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Bí a ṣe mú ọjọ́ nìyẹn, Sátidé kan nínú oṣù kẹta. A máa ta tíkẹ́ẹ̀tì, a máa ta oúnjẹ, a máa ṣeré.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe é

Tíṣà ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ ka nǹkan nípa tíátà Yorùbá. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ọdún 1916 ni wọ́n bí Bàbá Hubert Ògúndé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ṣe tíṣà, wọ́n sì tún ṣe ọlọ́pàá. Eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, ní 1944, ní Glover Memorial Hall ní Èkó, wọ́n ṣe é láti fi kó owó jọ fún kíkọ́ ilé ìjọsìn kan ni. Ìtàn inú Bíbélì nípa ọgbà Édẹ́nì ni eré náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ eré, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè wọ́n ní bàbá tíátà Nàìjíríà lónìí. London níbí ni wọ́n kú sí ní 1990.

Bàbá Dúró Ládípọ̀ ní tiwọn gbé eré wọn tó ń jẹ́ Ọba Kò So, ìtàn Ṣàngó, wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní 1965. Ẹ wò ó, tíátà Yorùbá ti dé ibí kí wọ́n tó bí bàbá àti màmá mi!

Kí gbogbo wọn tó dé, àwọn alárìnjó ti wà. Inú eré eégún ni tiwọn ti jáde ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Wọ́n á wọ ẹ̀kú, wọ́n á jó, wọ́n á pidán, wọ́n á sín ìṣe èèyàn jẹ kí àwọn tó ń wòran lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe ìkankan nínú rẹ̀, wọ́n á júbà. Ibẹ̀ ni òfin kẹta Màmá ti wá.

Kí ni ìjúbà?

Tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi tí kò gbọ́ Yorùbá, báyìí ni màá ṣe sọ ọ́: kí o tó ṣe ohunkóhun níwájú èèyàn, o máa kọ́kọ́ kí àwọn tó ti ń ṣe é ṣáájú rẹ, o máa tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà ọ́. O kàn ń jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí o bá kan ilẹ̀kùn kí o tó wọ yàrá àgbà.

Lọ́dọọdún, Màmá ló máa ń júbà ní ọjọ́ eré wa. Ta ló wá máa ṣe é lọ́tẹ̀ yìí? Tíṣà wò wá yíká. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Èyí tí àgbà ò lè ṣe lónìí, ọmọdé ló máa bá wọn ṣe é." Wọ́n wá pe orúkọ mi. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Àwa ọmọ kíláàsì àti tíṣà la jọ kọ ìjúbà náà. Òun nìyí:

Ìbà ẹ̀yin àgbà tó jókòó,
Ìbà ẹ̀yin ìyá tó se oúnjẹ wá,
Ìbà onílù tó ń fi awọ sọ̀rọ̀,
Ìbà ẹni tó kọ́ mi ní ìbà.
Ọmọdé ni mí, ẹsẹ̀ mi kéré lórí ìtàgé.
Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un sọ,
Kí eré wa ó dùn, kí ẹni tó kọ́ wa ó gbọ́.

Ọjọ́ tí mo pariwo ibà

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá mi mú mi lọ sílé Màmá Tíátà kí n lọ sọ ìjúbà náà fún wọn gbọ́. Wọ́n jókòó ní pálọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n na súìtì kan sí mi, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi nà á. Mi ò mọ ohun tí màá ṣe, torí pé nílé wa, ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan ti kó sí wàhálà. Màmá mi ní, "Gbà á, kí o dúpẹ́. Ọwọ́ tó le nìyẹn." Mo gbà á.

Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo fi gbogbo ohùn mi sọ ọ́: "Ibà ẹ̀yin àgbà tó jókòó!"

Màmá mi bo ẹnu wọn. Mo rí i tí èjìká wọn ń mì. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín orí tábìlì ọjọ́sí ni. Ojú tì mí, mo dákẹ́, mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin òbí ti mọ ohun tí mo ṣe. Ìbà ni ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà. Ibà ni àìsàn tó ń mú kí ara èèyàn gbóná. Mo dúró níwájú ẹni tí ara wọn ò yá, mo sì ń pariwo ibà.

Màmá Tíátà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, ó dúró ní iwájú àyà wọn. Wọ́n fi imú kọ ohùn kan jáde. Wọ́n wá rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀, ohùn kejì sì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Wọ́n tọ́ka sí mi, wọ́n mi orí. Ìyẹn ni pé, ohun tí o sọ nìyẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà sísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi imú kọ ohùn méjì tí méjèèjì wà nísàlẹ̀. Wọ́n dúró dè mí.

Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ orin. Mo ní, "Ìbà." Wọ́n fi ọwọ́ gbá orúnkún wọn. Wọ́n tún fi ìka ṣe róbótó nínú afẹ́fẹ́. Mo mọ ìyẹn láì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: tún un sọ.

Ọmọ wọn obìnrin bá wa sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì. Wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ Màmá ní ọ̀rọ̀ sísọ ti ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí àìsàn yìí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ṣì lè kọrin, torí pé apá ọ̀tún ọpọlọ náà máa ń ṣiṣẹ́ nínú orin. Lọ́jọ́ kan, Màmá kọ orin ìjọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ béèrè omi, ọ̀rọ̀ ò wá.

Mo ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń lọ sílé. Tí mo bá fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó máa mọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, orin wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àìsàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá, kò gba orin rẹ̀.

Dò, re, mí: ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀

Gbogbo wa la ti kọ́ ọ pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, àmì rẹ̀ ni (`). Re ni ohùn àárín, kì í sábà ní àmì. Mí ni ohùn òkè, àmì rẹ̀ ni (´). Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àmì yìí dà bí ohun ọ̀ṣọ́ ni, pé tí mo bá ti mọ lẹ́tà, ó ti tó. Ẹ wo ohun tí ìjúbà wa ìbá dà tí mo bá ṣi ohùn lò, tàbí tí mo bá ṣi ohùn àti lẹ́tà lò pọ̀:

Ìbà (dò dò) jẹ́ ọ̀wọ̀. Ibà (re dò) jẹ́ àìsàn.

Onílù (re mí dò) ni ẹni tó ń lu ìlù. Onílùú (re mí dò mí) ni ẹni tó ni ìlú.

Awọ (re re) ni wọ́n fi ń bo ìlù. Àwo (dò re) ni a fi ń jẹun. Onílù tó ń fi àwo sọ̀rọ̀, ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?

Kọ́ mi (mí re) ni tíṣà ṣe fún mi. Kọ̀ mí (dò mí) ni pé ẹnì kan ò fẹ́ mi. Tí mo bá ní "ẹni tó kọ̀ mí", Màmá á rò pé mo ń bá àwọn jà.

Ẹsẹ̀ (re dò) ni mo fi ń rìn. Ẹ̀ṣẹ̀ (dò dò) ni ohun burúkú tí èèyàn ṣe. Mo fẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ mi kéré. Tí mo bá ní ẹ̀ṣẹ̀ mi kéré, àbúrò mi á sọ fún yín pé irọ́ ni.

Báyìí ni mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, mo fi imú kọ ìlà kọ̀ọ̀kan láì la ẹnu, dò, re, mí nìkan. Èkejì, mo fi ọwọ́ ṣe é bí Màmá ṣe ṣe: sísàlẹ̀, àárín, òkè. Ẹ̀kẹta, mo wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin, mo lọ sọ ọ́ fún Màmá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, wọ́n á gbá orúnkún. Bí mi ò bá sọ ọ́ dáadáa, wọ́n á ṣe róbótó nínú afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ eré

Hóòlù kún. Òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín ti gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n gbé Màmá wá lórí àga onítáyà, wọ́n fi wọ́n sí iwájú gan-an. Wọ́n wé gèlè aláwọ̀ búlúù. Lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, ìka mi tutù bíi yìnyín.

Wọ́n ṣí aṣọ. Iná mọ́ sí mi lójú, mi ò rí ẹnì kankan. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sá lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà! Mo rántí òfin kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rìn dé igun kan, mo rìn padà.

Olórí àwọn onílù wa wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé pẹ̀lú gángan wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì fọwọ́ kan gángan rí, ọsán ni orúkọ awọ tín-ín-rín tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí onílù bá fi apá fún un mọ́ra, ohùn ìlù á lọ sókè. Tí wọ́n bá dẹ apá, á wá sísàlẹ̀. Bí ìlù ṣe ń sọ dò, re, mí nìyẹn. Bàbá onílù dẹ apá, wọ́n fi kọ̀ǹgọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì: dò, dò. Láti iwájú, níbi tí mi ò ti lè rí nǹkan kan, mo gbọ́ ẹnì kan tó fi imú gbè é: dò, dò.

Mo ní, "Ìbà ẹ̀yin àgbà tó jókòó!"

Gbogbo hóòlù dáhùn, "Ìbà!"

Ìlà kejì lọ dáadáa. Ní ìlà kẹta, inú mi ti ń dùn jù, mo sì sáré. Mo ní, "Ìbà onílùú!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kí ojú tó tì mí, gángan ti dáhùn: re, mí, dò. Onílù. Ohun tí ìjúbà wa bẹ̀ wọ́n ni Bàbá onílù ṣe yẹn, pé bí mo bá ṣì í sọ, kí wọ́n bá mi tún un sọ. Mo dúró, mo tún un sọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ṣi Yorùbá sọ níwájú èèyàn, tí mi ò sì dákẹ́.

Nígbà tí mo parí, gbogbo wa jáde sórí ìtàgé. Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, a kọjú sí Màmá. Hóòlù dákẹ́. Màmá gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n sì fi imú kọ ohùn mẹ́rin: dò, dò, mí, re.

Màmá mi tó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ ò mọ̀ pé wọ́n sọ̀rọ̀, torí pé fídíò ni wọ́n ń ṣe. Àbúrò mi rò pé orin ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa ọmọ kíláàsì tíátà la gbọ́ ọ. Ìbà á ṣẹ. Ohun tí àgbà máa ń sọ nìyẹn tó bá gba ìbà lọ́wọ́ ọmọdé.

Lẹ́yìn náà, a ṣe eré Ìjàpá tó jẹ gbèsè, tí Màmá fúnra wọn kọ fún wa. Àwọn òbí kọrin. Bàbá mi jó, ẹ má bi mí bó ṣe rí.

Ìṣirò owó wa

Ìṣirò ni mo fẹ́ràn jù ní ilé-ìwé ìjọba, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́:

Tíkẹ́ẹ̀tì àgbà 112, pọ́ùn 10 lọ́kọ̀ọ̀kan: 1,120
Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé 46, pọ́ùn 4 lọ́kọ̀ọ̀kan: 184
Oúnjẹ: 538
Owó tí àwọn èèyàn jù sínú igbá: 411
Àpapọ̀: 2,253 pọ́ùn

A yọ 240 fún hóòlù, a yọ 200 fún àwọn onílù. Ó ku 1,813. Kò pé, 187 ló kù. Bí a ṣe ń wo ara wa, Bàbá onílù ti apò ìwé owó wọn padà sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ti pè mí ní onílùú níwájú gbogbo èèyàn. Ṣé onílùú máa wá gba 200 pọ́ùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú ẹ̀ ni?" Bí owó ṣe di 2,013 nìyẹn. Pọ́ùn 13 tó lé, a fi ra òdòdó.

Wọ́n kan àga náà mọ́ àtẹ̀gùn ní oṣù karùn-ún. Mo lọ wò ó. Orí ibùsùn wọn ni Màmá ń sùn báyìí. Ọ̀rọ̀ tó ti ń jáde lẹ́nu wọn ò tíì ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni "Tún un sọ."

Ohun tí mo kọ́

Mo kọ́ pé ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohùn ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà, nígbà míì òun nìkan ló máa kù, á sì tó. Mo tún kọ́ pé tí a bá fẹ́ júbà ẹni tó kọ́ wa, ìgbà tí wọ́n wà láàyè, tí etí wọn ṣì ń gbọ́ ọ, ló dáa jù.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Tí a bá ṣi Yorùbá sọ nílé, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹ fi imú kọ ọ́ fún wa, kí ẹ ní ká tún un sọ. A máa tún un sọ.

Iṣẹ́ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi

1. Fi imú kọ orúkọ rẹ. Dò, re, mí wo ló wà nínú rẹ̀?
2. Igba, igbá, ìgbà: kí ni ìyàtọ̀ wọn? Lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn kan.
3. Fi imú kọ gbólóhùn kan fún òbí rẹ láì la ẹnu. Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n?
4. Ta ló kọ́ ọ ní nǹkan tí o mọ̀ ọ́n ṣe jù? Kọ ìlà mẹ́rin láti fi júbà ẹni náà, kí o sì lọ kà á fún wọn.